Jàlàbíà Nùrẹ́nì Nínú Aró

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Àǹtí Nàfí! Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ ò tíì jókòó, ẹ ò tíì mu omi, ẹ kàn rí ọwọ́ mi lẹ́nu géètì báyìí, ẹ ti dikùn mú. Ṣé ẹ̀rín lẹ tìtorí ẹ̀ wọkọ̀ láti Òṣogbo wá sí Sàngó? Ó dáa, ẹ wò ó dáadáa, mo gbé méjèèjì síwájú yín, láti èékánná títí dé ìgúnpá, búlúù! Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, mo ti fi kànrìnkànrìn ha á títí awọ fi fẹ́ bó, mo tún wá fi kẹrosíìnì nù ún. Ẹ mọ ohun tí kẹrosíìnì ṣe? Ó jẹ́ kó máa dán ni!

Gbogbo Joju, Aláró ni wọ́n ń pè mí báyìí. Èmi Mùíbátù, ọdún kẹtàdínlógún tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí, ẹnikẹ́ni ò sọ mí lórúkọ kan rí. Láàárọ̀ yìí tí mò ń gbá iwájú ilé, ọlọ́kadà kan tí mi ò mọ̀ rí láyé mi rọra dẹwọ́ eré, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Aláró!" Ta ló sọ fún un? Ẹ bá mi bi í, ta ló sọ fún un?

Níbi iṣẹ́ wa ńkọ́? Ẹ ṣáà mọ̀ pé bísíkítì la ń ṣe, ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń kó o sí páálí ni mo wà. Láwàlì, sùpáfáísọ̀ wa, ọmọ tí mo lè bí dáadáa, ó di ọwọ́ mi mú níwájú gbogbo èèyàn, ó gbé e sókè bí ẹni tó mú olè, ó ní, "Màmá, ta ló fẹ́ ra bísíkítì búlúù?" Mo ní màá wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní búlúù ọ̀hún ń hàn nínú ìbọ̀wọ́. Ló bá gbé ìgbálẹ̀ fún mi! Odindi ọ̀sẹ̀ kan, èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ kẹta, yáàdì tí àwọn tírélà ń páàkì sí ni mò ń gbá. Mo wá lọ sí mọ́sálásí ní Jímọ̀, mo ní ó kéré tán Ọlọ́run ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbọ́wọ́ sókè láti wọ ìrun, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo ọwọ́ yẹn, ó pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu títí a fi sálámà.

Ẹ sì ń bi mí pé ta ló fà á. Ẹ̀yin ni! Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ mú. Ìgbà mẹ́fà ni mo pè yín lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ìgbà mẹ́fà! Ẹ ní fóònù wà nínú báàgì? Kí ló ń ṣe nínú báàgì? Ṣé báàgì ló fẹ́ gbé e fún mi ni?

Ó dáa, ó dáa, mo ti jókòó. Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́.

Ẹ rántí Ẹfúnróyè, ọ̀rẹ́ mi aránṣọ, ọmọ bíbí Ọ̀tà yìí, tí ilé rẹ̀ ò jìnnà síbí. Òun ló rí obìnrin òyìnbó arúgbó kan lórí fóònù, tó ń gé àjákù aṣọ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, tó ń rán wọn pọ̀, tó ń fi òwú pẹlẹbẹ sáàárín kó lè nípọn, tó fi di ìbora tó rẹwà ju èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ. Ẹfúnróyè ní àjákù aṣọ tó kún àpò mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù. Ló bá pe èmi, ó pe Kàfáyá tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Oju Ore, àwa mẹ́ta wá ń jókòó sí àgbàlá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí òun bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, à ń gé, à ń rán, à ń ṣòfófó. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbádùn nǹkan tó yẹn rí láti ìgbà tí mo ti dé Sàngó. Nídìí ẹ̀rọ, ariwo ò ní jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, abẹ́rẹ́ nìkan.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin Kàfáyá bímọ. Waliyullah, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́! Inú wa dùn, a ní ìbora tí a bá kọ́kọ́ rán parí, ti Waliyullah ni. Ni Kàfáyá bá mú ọ̀rá kan wá lọ́jọ́ kan, ó tú u, jàlàbíà funfun ló wà nínú rẹ̀. Ti Nùrẹ́nì ni. Ọkọ rẹ̀, ẹ ò bá a, ó ti pé ọdún méjì tó kú. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ní Iyana Iyesi. Jàlàbíà yẹn ló máa ń wọ̀ ní gbogbo Jímọ̀. Kàfáyá ní, "Ẹ bá mi gé e mọ́ ìbora ọmọ yìí. Kò bá bàbá rẹ̀ àgbà, kó kúkú fi aṣọ rẹ̀ bora." Ẹfúnróyè ní ká gé e ní funfun tó wà yẹn. Kàfáyá ní, "Rárá o. Bí mo bá ti wo funfun yìí, aṣọ òkú ni mò ń rí. Mi ò lè fi bo ọmọ tuntun. Ẹ bá mi wá ẹni tó máa sọ ọ́ di búlúù."

Ta ló bi mí? Àǹtí Nàfí, mo bi yín, ta ló bi mí léèrè ọ̀rọ̀? Ẹnu mi yìí! Ẹnu yìí ló yẹ kó di búlúù, ọwọ́ kọ́! Mo fẹ̀yìn ti àga, mo ní, "Ẹni tó máa sọ ọ́ di búlúù? Ẹ jókòó ti èmi ọmọ aláró Òṣogbo, ẹ tún ń wá aláró?"

Irọ́ kọ́! Ṣé irọ́ ni? Màmá àgbà ò pa aró ni? Ìkòkò mẹ́wàá ò wà lẹ́yìnkùlé wọn? Ó wà! Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n kọ́ ní aró nínú àwa méjèèjì? Ẹ̀yin! Kí ni iṣẹ́ tèmi? Omi ni mò ń pọn. Ọjọ́ tí mo sì fi ìdí jókòó sórí ìkòkò kan, tó fọ́, tí gbogbo aró Màmá ṣàn lọ, ẹ rántí bí wọ́n ṣe mú igi lé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ? Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìnkùlé. Ṣé mo wá sọ ìyẹn fún Kàfáyá? Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ fún Kàfáyá pé láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń fi ahọ́n tọ́ aró wò. Ahọ́n!

Mo lọ ra ẹ̀bù aró lọ́jà Sàngó. Ọmọbìnrin tó ń tà á fẹ́ ṣàlàyé fún mi, ó ní, "Mà, ṣíbí báyìí ni sóódà, ṣíbí báyìí ni…" Mo ní, "Ọmọ mi, má dara ẹ láàmú, inú aró ni wọ́n bí mi sí." Ó wò mí. Ó wá kọ ọ́ sórí ọ̀rá náà bó ṣe wù ú, ó sì ní, "Ẹ má lo ìkòkò sílífà o." Mo ti ń lọ nígbà yẹn, mi ò gbọ́ dáadáa. Irọ́ ni, mo gbọ́. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo rò pé ó fẹ́ ta báàfù fún mi ni.

Ní Sátidé yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ẹfúnróyè, òun náà ò tíì dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́ kí wọ́n bá mi lẹ́nu iṣẹ́ bí ọ̀gá. Jàlàbíà ti wà níbẹ̀ láti àná rẹ̀. Mo mú un, mo… ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ìkòkò sílífà ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé Ẹfúnróyè, èyí tí wọ́n fi ń se ìrẹsì nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n dé, mo ní kó gbé e wá. Mo pọn omi sí i, ìyẹn mo mọ̀ ọ́n! Mo da ẹ̀bù aró sí i. Ó wá kan sóódà. Ṣíbí? Mi ò mú ṣíbí. Abọ́ ọbẹ̀ ni mo mú. Mo ní kó lè ràn dáadáa.

Àǹtí Nàfí, mi ò dáná o! Omi tútù ni o! Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó! Ó ń hó, ó ń ru, ó ń ta sókè, èéfín ń jáde, ìfòfó búlúù ń wọ́ kálẹ̀ bọ̀ wá bá wa, òórùn kan ń gún wa nímú, Ẹfúnróyè ń ké "Jésù!", èmi ń ké "Áńbìyá!", àwọn adìẹ sá gun orí ògiri. Kàfáyá nìkan ni kò kígbe. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, "Mùíbà, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?" Ẹ bi mí, kí ni mo fèsì? Mo ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Aró ń jí ni."

Aró ń jí! Ẹ wo ojú mi, Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tó jí tán tí ìdí ìkòkò fi lu. Sóódà ti jẹ ẹ́. Omi aró gba ihò yẹn jáde, ó gba àgbàlá, ó gba abẹ́ ògiri, ó bọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ibẹ̀ ni gbogbo Joju ti gbọ́. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ pè yín. Mo sá lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ mi, mò ń pè, mò ń pè, fóònù yín ń dún nínú báàgì.

Ẹfúnróyè ò bá mi jà. Ó mú ọ̀rá ẹ̀bù tó ṣẹ́kù, ó ka ohun tí ọmọbìnrin yẹn kọ sí i, ó gbé báàfù oníke wá, ó fi ṣíbí wọn gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà lákọsílẹ̀. Omi ọ̀hún rọra dúró jẹ́jẹ́. A ki àwọn aṣọ òwú funfun tí a ti gé sílẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tí a yọ wọ́n, àwọ̀ ewé ni! Bí ewé ẹ̀fọ́! Mo ní mo gbé, mo tún sá lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mo tún pè yín. Ṣùgbọ́n kí n tó padà dé, afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí wọn lórí okùn, àwọ̀ ewé yẹn ń kúrò díẹ̀díẹ̀ lójú wa báyìí, ó ń di búlúù, ó ń jinlẹ̀, ó ń jinlẹ̀. Àwa mẹ́ta dúró, a ń wò ó. Mo rántí ẹ̀yìnkùlé Màmá. Mi ò mọ̀gbà tí omijé bọ́. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Lójoojúmọ́ lẹ̀ ń rí irú ẹ̀ nígbà náà, tí èmi wà lójúde tí mò ń fẹsẹ̀ gbá òkúta?

Ó wá kan jàlàbíà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, tèmi ni. Ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀, Ẹfúnróyè nà án sí mi, mo ní àwa kì í wọ ìbọ̀wọ́ nídìí aró. Jàlàbíà yẹn ń léfòó, mò ń tẹ̀ ẹ́, ó ń léfòó, mò ń tẹ̀ ẹ́, ó tó wákàtí kan tí mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ mi nínú omi yẹn dé ìgúnpá, ó ń ta mí bí ata, mi ò yọ ọ́. Nígbà tí mo wá gbé e síta, a sá a sórí okùn, a dúró. A dúró títí. Kò yí padà. Àwọ̀ omi tí wọ́n fi fọ abọ́ ló ní. Òwú tí wọ́n fi rán etí rẹ̀ nìkan ló di búlúù, ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn fi bírò fa ìlà sí i. Ẹfúnróyè fọwọ́ pa á wò, ó ní, "Mùíbà, aṣọ yìí kì í ṣe òwú o. Ọ̀rá ni wọ́n fi hun ún. Ṣé aró máa ń mú irú eléyìí?" Ó ń bi mí! Ó ń bi ọmọ aláró!

Mo yíjú sí Kàfáyá kí n tọrọ gáfárà. Kò wo àwọ̀ rárá. Ó ti gbé ọrùn jàlàbíà yẹn sí imú. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún un gbé, ó tún gbóòórùn. Ó wá bi wá jẹ́jẹ́, "Ta ló fọ̀ ọ́?"

Èmi ni. Ohun tí mo ní ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Èmi ni, Àǹtí Nàfí. Kí wọ́n tó dé láàárọ̀ yẹn, mo rántí pé Màmá máa ń fọ aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, mo ní kí n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbo ọrùn rẹ̀, ó ní ìdọ̀tí díẹ̀, mo gbo ó títí ó fi mọ́. Mi ò béèrè. Mi ò mọ̀, Ẹfúnróyè ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà, pé láti ọjọ́ tí Nùrẹ́nì ti bọ́ ọ sílẹ̀ ní Jímọ̀ tó lò kẹ́yìn, obìnrin yẹn ò fi omi kàn án. Lọ́fínńdà rẹ̀ wà ní ọrùn yẹn. Òógùn rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kàfáyá ká a ní tútù, ó fi há abíyá, ó jáde. Omi aró ń kán lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì títí ó fi dé kọ́nà.

Ẹ rí i pé ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́? Ẹ máa rín in! Ó sàn kí ẹ máa rín in. Ṣé ẹ rò pé Aláró tí wọ́n ń pè mí ló ń dùn mí? Mo ti lọ sílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kò sí nílé, bàtà rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo pè é, kò gbé e. Mo gbá yáàdì ní ọ̀sẹ̀ yẹn débi pé Láwàlì fúnra rẹ̀ ní, "Màmá, ó ti tó."

Ṣùgbọ́n lánàá, mò ń sá aṣọ lọ́wọ́, mo gbọ́ sàláámù lẹ́nu géètì. Kàfáyá! Mo kúnlẹ̀. Wàláhì, mo kúnlẹ̀ sórí kọnkéré. Ó ní, "Dìde, o máa bó lórúnkún." Ó jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn gan-an. Ó ní, "Mùíbà, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ. Òórùn Nùrẹ́nì tó wà lọ́rùn aṣọ yẹn, ó ti lọ tipẹ́. Láti ìgbà Ààwẹ̀ tó kọjá, káńfọ̀ tí mo fi sínú àpótí ni mò ń gbọ́, mo kàn ń purọ́ fún ara mi pé òun ni."

Ṣé òótọ́ ni? Mi ò mọ̀. Ṣé ó kàn fẹ́ kí n rí oorun sùn ni? Mi ò lè bi í. Ó ní òun ti gbé jàlàbíà náà fún Ẹfúnróyè kó gé e mọ́ àwọn búlúù yẹn bó ṣe wà, ó ní àwọ̀ rẹ̀ báyìí dà bí sánmà tó ṣú òjò, kò jọ aṣọ òkú mọ́, ohun tí òun ṣáà fẹ́ nìyẹn. Ó ní òun gbé ọrùn rẹ̀ nìkan pamọ́.

Èmi ti ń sunkún. Ló bá ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ bùbá funfun kan. Ó ní, "Èyí tó wọ̀ lọ́jọ́ níkáà wa nìyí. Òwú ni, mo fa fọ́nrán kan yọ, mo fi iná sí i wò. Mo fẹ́ kí ìwọ rẹ ẹ́ fún mi, ká gé e mọ́ ìbora mìíràn, èmi ni màá fi bora. Mi ò fọ̀ ọ́ o. Bí a bá máa fọ̀ ọ́, èmi àti ìwọ la jọ máa fọ̀ ọ́."

Òun rèé, nínú ọ̀rá, lórí tábìlì yẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án!

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ẹ máa bọ̀, tí mi ò lè ṣàlàyé lórí fóònù. Obìnrin yẹn ṣì rò pé mo mọ aró! Ó ní òun bá ẹnìkan sọ ọ́, pé aṣọ ọ̀rá máa ń dójú ti àwọn ọ̀gá aláró pàápàá. Ọ̀gá! Bùbá níkáà! Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ohun tí a máa ṣe nìyí, ẹ máa wọ inú ilé ìwẹ̀, ẹ máa rẹ ẹ́, èmi á dúró síta bí ẹni pé mò ń… Kí lẹ̀ ń wò mí bẹ́ẹ̀ fún? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ojú Màmá lẹ fi ń wò mí yẹn.

Ó dáa. Ó dáa! Ẹ gbé fóònù yẹn fún mi. Mo ní ẹ gbé e wá. Màá sọ fún un báyìí, kó tó di pé mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́.

Ó ń dún. Hẹ̀lóò? Kàfáyá, èmi ni. Fetí sílẹ̀, má dá mi dúró o, bí o bá dá mi dúró mi ò ní lè parí ẹ̀. Mi ò mọ aró. Mi ò rẹ aṣọ rí láyé mi. Àǹtí mi ni wọ́n kọ́. Omi ni mò ń pọn, mo fọ́ ìkòkò, wọ́n lé mi. Wá gba bùbá rẹ kí n má baà… Kí lo sọ? O ti kí ni? O ti mọ̀?! Láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí mo ní aró ń jí… Kàfáyá! O mọ̀, o wá dúró, o ń wò mí? Nígbà tí o mọ̀, kí lo wá gbé bùbá fún mi ṣe?

Háà.

Háà, Kàfáyá.

Rárá, mi ò sunkún. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín ni, mo ní! Ó dáa. Ó dáa, mo gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun rí mi lórí ìkúnlẹ̀ yẹn fún wákàtí kan, tí ọwọ́ ń ta mí tí mi ò sì fi aṣọ ọkọ òun sílẹ̀. Ó ní ẹni tó mọ aró pọ̀ lọ́jà, òun ò gbé aṣọ ọkọ òun fún wọn. Ó ní òun àti Ẹfúnróyè ti wà lórí ọ̀kadà, wọ́n ń bọ̀ báyìí, kí n gbé báàfù síta. Ẹ tún ń rẹ́rìn-ín? Ẹ dìde jàre! Ẹ bọ́ aṣọ ìrìnàjò yẹn, ẹ lọ mú ìró mi tó ti gbó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ wá jókòó tì wá níbí, bí ẹ bá sì rí i tí mo mú abọ́ ọbẹ̀ dípò ṣíbí, ẹ gbá mi lọ́wọ́ níṣojú wọn!